Ẹni Tó Bá Wọ Ihò Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, Tọ́lá, fẹ́ wọ gọ́tà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrẹ̀ kúrò lójú omi ní Apápá ti ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ní kó fún àwọn lésì lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀, Bọ́lá ọmọ mi, ti bá a wá iṣẹ́ mìíràn sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road, níbi tó ti máa jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ọmọ ní òun ò fẹ́. Ni Bọ́lá bá wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ yẹn títí orúnkún yín fi bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Ràsákì fún un. Ẹ dẹ́rù bà á."

Mo ní n ó sọ ọ́. Èmi náà ò fẹ́ kó lọ, kí n má parọ́ fún yín. Mo pè é lọ́jọ́ Sátidé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa níbí ní Ajégúnlẹ̀, mo sì ro gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọ̀dọ́ pọ̀ tí ẹ ń ro irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, tí ẹ ń rò pé iṣẹ́ kan wà níbì kan tí kò ní ìdọ̀tí nínú. Kò sí. Tèmi kàn ń rùn síta ni.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo wá sí Èkó pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń wá ẹni tó lè lo ṣọ́bìrì, mo nawọ́ sókè. Owó ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì burú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó tọ́ ọmọ, ó kọ́ yàrá díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá Lámídì ni kí ẹ gbọ́.

Ọ̀gá Lámídì ni olórí ikọ̀ wa. Ó gbẹ bí igi ìdáná, ohùn rẹ̀ kéré, kì í pariwo. Ẹ gbọ́ tèmi, ọ̀gá tó ń pariwo, ẹ lè bá a ṣeré tó bá di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó gbà mí, ó sì fi mí sí ìdí fífọ irinṣẹ́. Kò jẹ́ kí n wọ ibì kankan. Láràárọ̀, á mú mi dé ẹnu ihò, á ní kí n tẹ̀ síwájú kí n fi imú fà á. "Kí lo gbọ́?" Mo ní, "Ẹyin tó bàjẹ́, Ọ̀gá." Á ní, "Ó dáa. Òórùn yẹn ń kìlọ̀ fún ọ. Bó o bá ń gbọ́ ọ, tó o wá ṣàdédé tí o ò gbọ́ ọ mọ́, má rò pé ó ti lọ. Imú rẹ ló ti kú, ara rẹ ló kàn."

Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn. Mo rò pé ó ń fi iṣẹ́ dù mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì kò le. Ẹrẹ̀ ni, ṣọ́bìrì ni, oòrùn ni. Èyí tó le ni ihò abẹ́ títì, níbi tí omi gọ́tà Ajégúnlẹ̀ ti ń gba abẹ́ ọ̀nà kọjá kó tó dé ọ̀sà. Bí ihò bẹ́ẹ̀ bá dí, tí òjò sì rọ̀, omi ò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó padà wọlé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi àyà wọ́ wọ inú rẹ̀ lọ tú u. Kò sí ẹ̀rọ nígbà yẹn. Àwa ni ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá ń wọlé, a ó so okùn mọ́ ọn láyà. Ẹnìkan á jókòó sí ẹnu ihò, á di okùn náà mú. Elétí là ń pè é, torí pé etí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ihò gbọ́dọ̀ máa kọrin láti ìgbà tí orí rẹ̀ bá ti wọlé títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi jáde. Bí orin bá dá, elétí kò ní pe orúkọ, kò ní bèèrè nǹkan kan, ó máa fà ni. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí ti ọ̀mùtí, ó máa fà ni. Afẹ́fẹ́ burúkú inú ihò, ohùn èèyàn ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́ kó tó ba ìyókù jẹ́. Ọ̀gá Lámídì á ní, "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Gbogbo yín lẹ mọ òwe yẹn. Nídìí iṣẹ́ wa, òfin ni.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a ò kàn máa sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu èèyàn, pàápàá bí ẹ̀rù bá ń bà á. Orin kì í tán. Bó bá parí, a tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í wá ṣe orin tí gbogbo ayé mọ̀ o. Ẹ kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajégúnlẹ̀ kí ẹ wò ó: ìyá tó ń dín àkàrà lódìkejì á gbè é. Ẹ kọ orin wéré, àwọn ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò á gbà á lẹ́nu yín. Àwa Yorùbá kì í gbọ́ orin ká má gbè é, bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn, àwọn ará ibòmíì tó ń bá wa gbé náà sì ti kọ́ ọ. Ọ̀gá ní bí ẹlòmíràn bá ń gbè é, báwo ni elétí ṣe máa mọ̀ pé ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀? Nítorí náà, oníkálukú gbọ́dọ̀ ṣe orin tirẹ̀, orin tí kò sẹ́ni tó máa wù láti gbè. Bí ọmọ iṣẹ́ kò bá tíì ní orin, kò tíì lè wọlé. Tèmi nìyí:

Eku jẹ síńgílẹ́ẹ̀tì mi, ó ku ọrùn,
Mo wọ ọrùn lọ sóde, wọ́n ní mo múra.

Ohùn mi bí ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Nígbà tí mo kọ ọ́ fún Ọ̀gá Lámídì gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Èyí burú dáadáa. Máa lò ó." Bí mo ṣe gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Elétí náà ní òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ kí èèyàn, kò sì gbọdọ̀ dáhùn bí wọ́n bá kí i. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá. Àgbà á máa kọjá, ìwọ á jókòó bí òkúta. Èébú tí wọ́n bú mi nídìí ihò, bí wọ́n bá kó o jọ, á dí gọ́tà.

Mo ń fẹ́ Rónkẹ́ sọ́nà nígbà yẹn, ẹni tó wá di ìyá Bọ́lá. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹja, Marine Beach ló ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn apẹja. Lọ́jọ́ kan, èmi ni elétí, ẹnìkejì mi wà nínú ihò. Ìyá Rónkẹ́ ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó rí mi, ó dúró. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo wo okùn. Ó tún ní, "Mo ní ẹ kú iṣẹ́." Mo wo okùn. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ ni Sámú tó ń wá sílé wa ni?" Òógùn bò mí, àmọ́ mi ò gbé orí sókè. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó délé, ó sọ fún Rónkẹ́ pé, "Ọmọkùnrin yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wò mí bí ẹni wo ògiri. Bó o bá fẹ́ ẹ, kì í ṣe nínú ilé mi."

Rónkẹ́ sunkún. Èmi náà ò sùn. Ọ̀gá Lámídì fúnra rẹ̀ ló wọ agbádá, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá yẹn, àgbà bíi tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bó bá kí yín lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀." Ìyá ní, "Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn kí ìyá ìyàwó, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Ó gbà ṣá. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú, kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí òun. Bó bá rí mi ló máa ní, "Elétí, ṣé a lè kí yín lónìí, àbí ẹ ṣì ń gbọ́ orin?" Gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín, n ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀.

Ó tó kí n sọ ti Ràsákì. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, mo kàn ń yí i ká ni.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Ràsákì wọṣẹ́. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù ni ilé wọn wà, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Kò ga, àyà rẹ̀ fẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ebi bá ń pa wá, á máa sọ oúnjẹ tí a ò rí jẹ títí a ó fi rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ wá dùn. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí wọn ti ní kó wá máa bá àwọn kọrin nígbà ààwẹ̀. Orin tó kọ́kọ́ ṣe fún iṣẹ́ wa, àwọn ọmọ tó ń kọjá lọ sílé ìwé ti ń kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá Lámídì ní kó yí i padà. Ó yí i padà, èyí tó yí i sí tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá bínú. Ràsákì dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ẹnu mi ò mọ orin burúkú í ṣe ni." Èyí tó wá ń kọ nìyí:

Olómi, yà fún mi, mo ń relé,
Ìyá mi gbé ọbẹ̀ kaná, mo ń relé.

Ọ̀gá ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó ní kó kọ́ tèmi tàbí kó má wọlé. Bí Ọ̀gá bá wà níbẹ̀, Ràsákì á máa kọ orin eku mi, á máa fi ẹ̀rín dá a dúró. Bí Ọ̀gá ò bá sí níbẹ̀, orin tirẹ̀ ló máa kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ó ń ṣú lápá ọ̀sà, mo fẹ́ yọjú wo gọ́tà.

Mo ti padà dé. Omi ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan láàárín àdúgbò yìí ti da ìdọ̀tí ilé rẹ̀ sí i bó ṣe rí i pé òjò fẹ́ rọ̀. Wọ́n ní omi á gbé e lọ. Níbo? Ṣé òkè òkun ni? Omi á gbé e dé ẹnu ihò, á dúró níbẹ̀, omi á wá padà wá kí wọn nínú yàrá, wọn á ní ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Ìjọba náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fa bẹ́ẹ̀dì jáde lábẹ́ títì rí. Ìjọba kọ́ ló sùn lórí rẹ̀. Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Àsìkò òjò ni. Ihò tó wà ní ààlà Apápá àti Ajégúnlẹ̀ ti dí, omi ti ń dúró lójú ọ̀nà kí òjò ńlá tó rọ̀. Ọ̀gá Lámídì ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ń dùn ún, ó lọ sí ọsibítù. Gọ́díwìn ni elétí. Ọmọ Warri ni, kò sí ẹni tó ń fọkàn síṣẹ́ tó o nínú wa. Bí eṣinṣin bá bà lé e lójú nídìí okùn, kò ní lé e. Ràsákì ló wọlé. Èmi wà ní ẹnu kejì, lápá ọ̀sà, mò ń fi ọ̀parun gígùn fa ohun tó bá tú sílẹ̀ jáde.

Àwọn tírélà tó ń wọ èbúté ti tò sílẹ̀ lójú títì láti ọjọ́ mélòó kan, wọn ò lọ síwájú, wọn ò padà. Àwọn mọ́tò bọ́ì jókòó sórí wọn, ara ń hún wọn. Ràsákì bẹ̀rẹ̀ orin nísàlẹ̀. Ihò yẹn máa ń sọ ohùn di ńlá, ohùn rẹ̀ wá ń jáde lábẹ́ ilẹ̀ bí nǹkan mímọ́. Mọ́tò bọ́ì kan gbè é: "Mo ń relé." Òmíràn gbè é. Kò pẹ́, gbogbo àwọn tó wà lórí tírélà ti ń gbè é, wọ́n ń fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀. Gọ́díwìn ń jánu mọ́ wọn pé, "Abeg, make una no sing." Wọ́n rò pé eré ló ń ṣe. Kò lè dìde lọ bá wọn, torí okùn. Mo gbọ́ orin yẹn láti apá ọ̀hún, inú mi tiẹ̀ dùn sí i. Mo ní lọ́kàn mi pé Ràsákì ti sọ àwọn ará ibí di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Orin ń lọ. Gọ́díwìn sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ohun tó ta òun lólobó ni pé orin náà ò kúrò lójú kan. Ràsákì kì í kọ ẹsẹ kan lẹ́ẹ̀kejì láìfi nǹkan kún un. Á dárúkọ ẹja, á dárúkọ ata, á dárúkọ ọmọbìnrin tó wù ú. Àwọn tó wà lókè wá ń kọ ìyá gbé ọbẹ̀ kaná, ìyá gbé ọbẹ̀ kaná. Gọ́díwìn ké tòò. Orin dá. Ihò náà dákẹ́.

Ó fà á. Mo sáré gba orí títì kọjá, mo bá a fà á. Àwọn mọ́tò bọ́ì bẹ́ sílẹ̀, wọ́n bá wa fà á. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù lórí ọmọlanke. Dókítà fọwọ́ kàn án, ó sì wo ojú wa.

Ọ̀gá Lámídì bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ jáde. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Gọ́díwìn ń sọ pé, "I hear am, Oga. I dey hear am." Òótọ́ ló ń sọ. Orin Ràsákì ló ń gbọ́ lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó dùn mí. Ó ń dùn mí báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Ìmàle kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ sì ń lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀parun lọ, irin tó ń so mọ́ra dé. Katakata dé, ó ń gbẹ́ ojú omi ńlá tí àwa ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń fa ẹrẹ̀ dé, tó ní imú gígùn bí ti erin. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ń fa nǹkan tí èèyàn ìbá fi àyà wọ́ lọ kó, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì mo sì nu ojú mi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà báyìí tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tó máa ń han goro bí afẹ́fẹ́ bá burú. Wọ́n ń wọ ìbòjú tó ní èémí tirẹ̀. Ìdọ̀tí náà ò ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Ewé àti iyanrìn là ń kó nígbà tí mo dé. Kó tó di pé mo fẹ̀yìn tì, ó ti di ọ̀rá, ike omi, ìtẹ́dìí ọmọ àti wíìgì. Wíìgì máa ń dẹ́rù ba àwọn tuntun, wọ́n á rò pé orí èèyàn ni.

Èmi náà di olórí ikọ̀. Mo le ju Ọ̀gá Lámídì lọ, àwọn ọmọ mi á jẹ́rìí. Ní ti orin, kò sí mọ́. Ìbòjú ò jẹ́ kéèyàn kọrin. Wọ́n á wọlé, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀rọ á máa tan iná kékeré pé kò séwu. N ó máa rìn lọ, n ó máa rìn bọ̀ lórí títì. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi, àga ìjókòó kan ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀ mí.

Ibẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ dé fún Tọ́lá lọ́jọ́ Sátidé. Mo wá fi kún un pé ẹ̀rọ kékeré yẹn máa ń bàjẹ́ nígbà mìíràn, pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í tún un ṣe lásìkò, pé ọkọ̀ tó ń fa ẹrẹ̀ kò lè fa bẹ́ẹ̀dì, èèyàn ló ṣì ń wọlé lọ gé e. Mo ní, "Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Wharf Road dára. Jókòó sí ọ́fíìsì, kí ara tù ọ́, kí ìyá rẹ lè máa sùn."

Ó fa etí ara rẹ̀. Ọmọ yẹn jọ ìyá ìyá rẹ̀, bó bá ń ronú, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ fo ibì kan."

"Ibo?"

"Ẹ ní ẹ sin ọ̀rẹ́ yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá ní iṣẹ́ ń lọ. Ìgbà wo lẹ̀yin padà wọ ihò?"

Mo ní, "Ìyẹn ò ṣe pàtàkì."

"Ó ṣe pàtàkì sí mi, sà."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo lè parọ́. Mo lè ní oṣù kan, mo lè ní ọdún kan, Bọ́lá ìbá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn bi mí bí àgbà ṣe ń bi àgbà.

Mo ní, "Ọjọ́ kejì."

Mo wá sọ ohun tí mi ò sọ fún Rónkẹ́ pàápàá títí tó fi jáde láyé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kí ìyá Ràsákì. Ìdí ohun tí Ràsákì lọ tú ṣì wà nínú ihò, kò sẹ́ni tó tún wọ ibẹ̀. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, ojú ọ̀run sì tún ń dúdú. Omi ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá ṣàdúà, kò sí ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Mo bá ìyá yẹn tó ń kó aṣọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ń tò ó sórí tábìlì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n máa bèèrè wọn. Kò gbọ́ ìkíni mi. Mi ò dúró. Mo gba ilé Ọ̀gá Lámídì lọ, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wá bá mi di okùn." Kò bi mí pé kí ló dé. Ó kàn wá bàtà rẹ̀. Gọ́díwìn ò lè wá, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Mo kọ orin eku yẹn wọlé, ẹkún ń gbọ̀n mí lóhùn, mo ń bẹ̀rù pé Ọ̀gá máa rò pé afẹ́fẹ́ ti mú mi, kó fà mí jáde kí n tó dé ibẹ̀. Fóòmù ni, pẹ̀lú ẹ̀ka igi. Mo gé e, mo fà á, omi gbá mi lójú, ó lọ. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, omi ti fà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tẹ́ ẹní síbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀.

Tọ́lá ní, "Ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Mo ní, "Ó bà mí. Ó bà mí gan-an."

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì wọlé lọ bá mi gbé oúnjẹ.

Lónìí tí í ṣe ọjọ́ Ajé, Bọ́lá pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ le. "Bàbá, kí lẹ sọ fún ọmọ yìí? Ó ti lọ gbà á o. Ó ti lọ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Mo ní kí ẹ dẹ́rù bà á ni!"

Mo ní, "Mo dẹ́rù bà á."

"Kí ló wá dé tó fi lọ?"

"Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dá a lóhùn."

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo sì ń gbọ́ ariwo tírélà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi. Bó bá bú mi, ǹ bá gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó dà bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní, "Bàbá, ta ló máa bá a di okùn mú?"

Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mò ń lọ bi wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà. Mo ti wọ bàtà kan báyìí, èkejì ni mò ń wá.